Àdùkẹ́, Abo Àkèré Gbọ́n Jù Ọ́ Lọ

Àdùkẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Mo ní kí o gbé e sílẹ̀! Oníbàárà tó wá láti Chad dúró síwájú rẹ, ó ń béèrè iye tí à ń ta àǹkárá aláwọ̀ búlúù yẹn, ìwọ ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí ẹnì kan kọ sórí WhatsApp. Wò ó, ó ti yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Odindi bélì kan ló fẹ́ rà, ẹ̀rín rẹ ló lé e lọ. Kò burú. Fa àpótí yẹn súnmọ́ mi, kí o jókòó. Òjò ti ṣú, o sì mọ òjò Douala: bó bá bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò wọ ọjà Mboppi mọ́ títí ìrọ̀lẹ́. Èmi àti ìwọ ní ọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ pè mí lálẹ́ àná. Ó ní o ti sọ fún òun pé ọmọkùnrin onísípíkà ni ọkàn rẹ wà lára rẹ̀ báyìí, pé ti ọmọkùnrin ará Bonabéri tí ò ń wí tẹ́lẹ̀ ti kúrò ńlẹ̀. Mo ní, onísípíkà wo? Àṣé èyí tó ń fi megaphone pe gbogbo ayé ní "asso, asso" láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ni! Má fajú ro, ọmọ àbúrò mi. N kò ní ọmọ náà burú. Mo kàn bi ọ́ pé kí lo rí lára rẹ̀, o ní, "Àǹtí, ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ." Ó dáa. Ó ṣe tán, ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa fi ohùn yan ọkọ. Jẹ́ kí n sọ fún ọ nípa àwọn tó ti ń ṣe é kí ọmọ ènìyàn tó dáyé, kí o wá wò ó bóyá o ṣe é tó wọn.

O mọ̀ pé kí n tó di aláṣọ, bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ mi ló gbé mi dé ìlú yìí. Iṣẹ́ olùkọ́ kúrò lọ́wọ́ mi, kò kúrò lórí mi. Lálẹ́, bí òjò bá dá tí gbogbo ẹrọ̀fọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa bá ń dún, ìwọ a pòṣé, o ní àwọn àkèré ò jẹ́ kí o sùn. Akọ ni gbogbo ariwo yẹn. Akọ ló ń wú ọ̀fun, tó ń pè títí ọ̀gànjọ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú àkèré, abo kì í ké bẹ́ẹ̀. Yóò lúgọ sínú òkùnkùn, yóò máa gbọ́ wọn. Bí ọ̀kan bá wù ú, yóò rọra tọ̀ ọ́ lọ. Bí kò bá sí èyí tó wù ú, yóò padà sínú koríko rẹ̀. Àwọn tó ń pariwo ń polówó ni. Ẹni tó dákẹ́ ló ń yàn.

Ó sì mọ bí a ti ń gbọ́ràn. Nínú adágún kan, oríṣiríṣi àkèré lè máa ké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, báwo ni abo ṣe ń mọ ti irú tirẹ̀? Ní 2021, Norman Lee, Mark Bee àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde lórí àkèré orí igi aláwọ̀ ewé tó wà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé bí abo bá fa afẹ́fẹ́ kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ohùn àwọn àkèré mìíràn á dín kù lórí awọ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn irú tirẹ̀ á máa wọlé bó ṣe wà. Ó ń fi èémí inú rẹ̀ dí etí sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án! Ìwọ ńkọ́? Nínú Mboppi yìí, àwọn tó ń ti ọmọlanke pousse ń kígbe pé kí a yà fún àwọn, àwọn ará Gabon ń ná ọjà níhìn-ín, àwọn ará Equatorial Guinea ń ka owó lọ́hùn-ún, sípíkà ń dún lórí gbogbo ẹ̀, inú ariwo yìí lo ti ní o gbọ́ ohùn ọkọ. Mímí wo lo mí kí o tó gbọ́ ọ?

Má sì rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ wá. Àkèré tó tóbi jù láyé, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù níbí ni. Conraua goliath ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Boulenger ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1906. Odò tí omi rẹ̀ ń sáré láàárín àpáta ló ń gbé, láti apá Nkongsamba lókè ibí títí wọ Equatorial Guinea. Ó lè gùn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì lè wọ̀n ju kílò 3 lọ. Àwọn oníbàárà wa láti Nkongsamba mọ̀ ọ́n dáadáa, nínú ìkòkò ọbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti mọ̀ ọ́n. Ìyẹn wà lára ìdí tó fi ń tán lọ, tó fi wà lára àwọn ẹranko tí wọ́n ní ó wà nínú ewu ìparun.

Gbọ́ èyí: pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, kò ní àpò ọ̀fun. Kò lè wú u kó máa ké bíi kọ̀ǹkọ̀. Ẹnu ló ń là, tí yóò máa súfèé. Akọ tí kò ní megaphone! Kí wá ni abo ń rí lára rẹ̀? Ní 2019, Marvin Schäfer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Nono Gonwouo ọmọ Kamẹrúùnù àti Mark-Oliver Rödel ará Jámánì wà lára wọn, kọ ohun tí wọ́n rí ní odò Mpoula jáde. Láàárín 400 mítà péré lẹ́bàá odò náà, ìtẹ́ 22 ni wọ́n bá. 14 nínú wọn ní ẹyin, ẹyin tó sún mọ́ 3,000 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìtẹ́ yìí kì í ṣe ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ihò inú àpáta tí wọ́n gbá ewé àti pàǹtí kúrò nínú rẹ̀, tó mọ́ tónítóní. Àwọn kan jẹ́ kòtò omi tó ti wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n gbá ewé inú rẹ̀ sí etí kí ó lè di ògiri. Ẹ̀yà kẹta ló ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: wọ́n wa ilẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ fúnra wọn, wọ́n sì ti òkúta yí i ká, títí kan òkúta tó wọ̀n tó kílò 2. Àkèré o! Nínú adágún kékeré yẹn, omi odò kò ní gbé ẹyin lọ, ẹja àti edé kò sì ní tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọdẹ tó ń dọdẹ wọn ló sọ ìyókù fún àwọn olùwádìí. Wọ́n ní akọ ló ń kọ́lé, abo a sì máa dúró nítòsí. Ìgbà tílé bá parí ni akọ tó ń súfèé pè é. Bí abo bá yé ẹyin tán, òun ni yóò jókòó ti ilé náà, tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ṣé o rí bí wọ́n ṣe tò ó? Iṣẹ́ ló ṣíwájú, ìfé ló tẹ̀lé e. Ìwọ, ìfé lo ti ń gbọ́ látọjọ́ tí o ti dé, o ò tíì béèrè òkúta.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O fẹ́ sọ pé, "Àǹtí, ẹ kúkú sọ pé ará Bonabéri lẹ fẹ́, nítorí kì í sọ̀rọ̀." Rárá o! Dídákẹ́ kọ́ ni ìwà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nínú àkèré orí igi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, akọ kan wà tí kì í ké rárá. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ké ni yóò jókòó sí, yóò fọwọ́ lẹ́rán. Èkejì yóò máa ké títí agbára rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán; bí abo bá wá ń bọ̀, èyí tó dákẹ́ yóò fò dì í mú lójú ọ̀nà. Stephen Perrill, Carl Gerhardt àti Richard Daniel ti kọ ọ́ láti 1978. Nítorí náà, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ẹni tó ń kọ́lé, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń dúró kí wọ́n bá a dáná kó wá jẹun. Ohun tí wàá béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kò yàtọ̀: kí ló ná ọ?

Òun gan-an ni abo àkèré ń béèrè. Ní Panama, àkèré kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní túngara, gígùn rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Michael Ryan fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀lé e kiri, ó kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1985. Igbe akọ rẹ̀ pín sí méjì. Ti àkọ́kọ́ gùn, ó ń rọra lọ sílẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti fi pe abo. Ṣùgbọ́n ó lè fi "kọ́" kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé abo sáàárín sípíkà méjì nínú òkùnkùn, tí ọ̀kan ń ké lásán, tí èkejì ń ké tó sì ń ṣe "kọ́", ọ̀dọ̀ èkejì ni púpọ̀ wọn ń lọ. O wá ní kí ló dé tí gbogbo akọ ò máa ṣe "kọ́" láti alẹ́ dé òwúrọ̀? Àdán ni kò jẹ́. Àdán kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ àkèré, igbe yẹn náà ló fi ń mọ ibi tí wọ́n wà. Merlin Tuttle àti Ryan fi í hàn ní 1981. Akọ tó dá wà kì í sábà dán "kọ́" wò. Ìgbà tí àwọn akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ ni yóò tó fi ẹ̀mí wéwu. Ohùn tó ń dùn mọ́ abo nínú, ohùn ẹni tí ikú ń gbọ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú ńlá, ẹ̀yin ni ibi tó kàn yìí ń bá wí. Ní ìparí 2018, Wouter Halfwerk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi túngara inú ìlú wé ti inú igbó. Orin àwọn ti ìlú dùn jù, ó kún jù. Abo tí wọ́n fún láǹfààní láti yàn, ti ìlú ni púpọ̀ wọn tọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àdán kò pọ̀ nílùú. Bí wọ́n ṣe gbé akọ ìlú lọ sínú igbó, kíá ló ti dín orin rẹ̀ kù! Ṣé o gbọ́ ohun tí mo ń sọ? Orin kan náà, níbi kan ẹ̀mí ni owó rẹ̀, níbòmíràn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Onísípíkà tó ń pè ọ́ ní "ma chérie" nínú megaphone, bátìrì ló ń ná, kì í ṣe ọkàn. Èyí tó ń sọ fún ọ, ó ti sọ ọ́ fún oníbàárà ogójì kí o tó jí.

Nígbà tí o kọ́kọ́ dé ìsọ̀ yìí, kí ni mo kọ́ ọ nípa àǹkárá? Mo ní má fi ojú rẹ̀ dá a mọ̀, yí i sẹ́yìn. Wax gidi, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló gba aró. Èyí tí wọ́n kàn tẹ̀ sójú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá. Ojoojúmọ́ lo ń yí aṣọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún FCFA sẹ́yìn kí o tó gbà á lọ́wọ́ ènìyàn, ọkọ lo wá fẹ́ gbà lójú kan.

N kò ní kí o má gbọ́ ohùn o. Ohùn lè sọ òótọ́. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àkèré orí igi mìíràn tún wà, aláwọ̀ eérú, tí abo rẹ̀ fẹ́ràn akọ tí igbe rẹ̀ ń pẹ́ kó tó dánu dúró. Igbe pípẹ́ ń jẹ agbára. Allison Welch, Raymond Semlitsch àti Carl Gerhardt mú ẹyin abo kan náà, wọ́n pín in sí méjì. Wọ́n fi àtọ̀ akọ tí igbe rẹ̀ pẹ́ sí apá kan, wọ́n fi ti akọ tí igbe rẹ̀ kúrú sí èkejì. Nígbà tí wọ́n tọ́ àwọn ọmọ náà, ti onígbe pípẹ́ ló ń ṣe dáadáa jù, tàbí kí àwọn méjèèjì dọ́gba. Ní 1998 nìyẹn. Abo tó jókòó nínú òkùnkùn mọ ohun tó ń gbọ́: ẹni tó lè ké pẹ́, lálẹ́ òní, lálẹ́ ọ̀la, tí kò rẹ̀ ẹ́. Onísípíkà rẹ, oṣù mélòó ló ti ń bá ọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí? O ò dáhùn. Ó dáa, mu omi.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí, nítorí ó dà bíi pé abo àkèré náà ń ṣìnà níbẹ̀. Kí ló yí ọ lọ́kàn padà? Láti ìgbà tí o ti dé, ará Bonabéri lò ń wí. Onísípíkà wà níbẹ̀ nígbà náà, o mọ̀ ọ́n, o ní aláriwo ni. Àfi bí ọkùnrin Yaoundé ṣe dé, èyí tó ti láya méjì sílé, tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lóru. O lóo ò lè fẹ́ ẹ láéláé, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé ni onísípíkà ti ń dára lójú rẹ. Ó kéré tán, òun ò láya. Ó kéré tán, òun kì í pè lóru. O ti fi ẹni tí o ò fẹ́ wọn ẹni tí wàá fẹ́!

Amanda Lea àti Ryan ṣe irú rẹ̀ fún túngara, wọ́n gbé e jáde ní 2015. Wọ́n fún abo ní ohùn méjì láti yàn, wọ́n rí èyí tó wù wọ́n jù. Wọ́n wá fi ohùn kẹta sí i, ohùn tí kò dára tó méjì àkọ́kọ́. Kò yẹ kí ìyẹn yí nǹkan kan padà, ó ṣe tán wọn ò yan òun. Ṣùgbọ́n ó yí i padà: púpọ̀ nínú wọn fi èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lọ bá èkejì. Ohùn kẹta kò rí abo gbà, síbẹ̀ òun ló pinnu ẹni tó gbà á. Ọkùnrin Yaoundé kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ, òun ló sì fẹ́ yan ọkọ fún ọ báyìí. Yọ ọ́ kúrò láàárín wọn, kí o tún wo méjì tó kù.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń ṣe ọ́, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ń dàgbà o, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bímọ méjì." Àbúrò mi ni, n ó bá a sọ ọ́. Kathleen Lynch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára túngara ní 2005 pé bí àsìkò yíyé ẹyin bá ti dé tán, abo á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn igbe tí kì bá ti yíjú sí rí. Tirẹ̀ yé mi, òun àti ẹyin rẹ̀ ni. Àsìkò ò dúró dè é. Ìwọ, àsìkò ta ni? Tìrẹ ni tàbí ti àwọn tó ń dúró de aṣọ ẹbí? Kó o fẹ́ ọkọ lọ́dún yìí kò burú. Kó o fẹ́ ẹni tó kàn wà nítòsí nígbà tí wọ́n pariwo lé ọ lórí, ìyẹn ló burú.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì bí mi nínú jù. Ọkùnrin Yaoundé ń pè ọ́, o ò gbé e. Ó kọ̀wé, o kà á, o ò dáhùn. Àdùkẹ́, o ń ṣe òkú! Má rẹ́rìn-ín, nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mark-Oliver Rödel tí mo dárúkọ níbi ti odò Mpoula, òun àti Carolin Dittrich gbé ìwádìí mìíràn jáde ní 2023, lórí àkèré kan ní Yúróòpù tí akọ rẹ̀ ń rọ́ lu abo nígbà tí wọ́n bá kóra jọ sínú omi. Tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé abo ò lè ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni. Bí akọ bá dì í mú, ó ń yí bìrìbìrì nínú omi kó lè bọ́. Ó ń ké bíi pé akọ ni òun kí ó lè fi í sílẹ̀. Àwọn mìíràn á nà gbalaja, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á le gan-an, wọ́n á ṣe bí òkú kí akọ lè lọ. Àwọn abo kékeré ló ń rí ọ̀nà bọ́ jù. Ọgbọ́n ni fún ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn, nítorí akọ tó pọ̀ lórí rẹ̀ lè rì í sómi. Ṣùgbọ́n ìwọ lẹ́nu, o gbọ́ Faransé, o gbọ́ Pidgin. Òkú tí o ń ṣe yẹn, ọkùnrin náà rò pé ìtìjú ni. "N kò fẹ́" kò gùn. Sọ ọ́ lónìí, kí gbogbo wa lè gbọ́ràn.

Ìwádìí tí àwọn ìyá wa ń ṣe kí alárinà tó ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yin ọmọ òde òní ní àṣà àtijọ́ ni. Ohun tí abo àkèré ń fi àkókò rẹ̀ ṣe nínú òkùnkùn kò yàtọ̀ sí i. Nítorí náà, Sunday tó ń bọ̀, wàá gun ọ̀kadà bendskin, wàá kọjá afárá Wouri, wàá lọ wo ilẹ̀ tí ará Bonabéri ní òun ń kọ́lé sí. Wo búlọ́ọ̀kù, kí o béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò ẹni tó ń kó o wá, bóyá òun ni tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí òun ń jẹ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sí ilé ìyá onísípíkà ní ọjọ́ tí ọjà kò sí. Wo bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló yege, gbé e wá sílé, n ó se ọbẹ̀ ndolé fún un, n ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí megaphone. N kò ní yàn fún ọ. Bí mo bá yàn fún ọ, èmi náà ti di ohùn kẹta nìyẹn.

Ẹni yòówù tí o bá sì mú wá, àǹkárá ìsọ̀ yìí ni aṣọ ẹbí. Sọ fún àwọn àna rẹ pé owó ọwọ́ ni, àǹtí ìyàwó kì í ta àwìn.